Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Lórí Bọ́ọ̀lù Rọ́bà

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹsàn-án

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi lónìí. Ọ̀gá gáréèjì fúnra rẹ̀ ló gbà á, tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni tó ń gba ife omi lọ́wọ́ àlejò. Ó ní, "Ìyá Awakọ̀, ẹ lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tọ́jú ẹsẹ̀ yẹn. Tí ẹ bá padà dé, a máa dán yín wò, ọkọ̀ yín á sì padà sọ́wọ́ yín." Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì fún wọn, mi ò rí eyín ọkùnrin yìí rí àfi lónìí. Ara fu mí lójú ẹsẹ̀.

Mo bi í léèrè ẹni tó máa wà á títí màá fi dé. Ó ní Onírùngbọ̀n ni. Onírùngbọ̀n, tí kò tíì lo ọdún méjì lọ́dọ̀ wa!

Adákẹ́, tó ti ń bá mi gbowó lọ́wọ́ èrò láti ọdún mẹ́fà, dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo gáréèjì fi sọ ọ́ ní Adákẹ́. Ṣùgbọ́n ti òní kọjá àìsọ̀rọ̀. Kò wojú mi rárá. Ó dá mi lójú pé ó ti lọ ṣòfófó mi fún wọn.

Mo ra ìwé yìí lójú ọ̀nà ilé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ, gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe, màá kọ ọ́ síbí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀, màá ṣí i fún wọn.

Ọjọ́rú, 4

Òjò láti àárọ̀. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé balùwẹ̀, mo tẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Tí mo bá fẹ́ nàró, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan so okùn mọ́ iwájú ìbàdí mi lápá òsì, tó sì ń fà á sísàlẹ̀. Tíṣà wò mí, ó tún wò mí, ó ní, "Ṣé o ò rí i pé iṣẹ́ yìí ti tó?" Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, látìgbà náà kò rí ọmọ iléèwé mìíràn ju èmi lọ. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ọsibítù. Dókítà tó ń tọ́jú iṣan ni wọ́n ní kí n lọ rí. Mo rò pé àgbàlagbà ni màá bá níbẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí kò tó àbíkẹ́yìn àbúrò mi ló jókòó sídìí tábìlì, ó wọ bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé. Oníṣan ni màá máa pè é nínú ìwé yìí, torí mi ò tíì mọ̀ bóyá dókítà ni lóòótọ́.

Ó ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí n gbá orúnkún ọ̀tún mọ́ àyà, kí n wá jẹ́ kí ẹsẹ̀ òsì rọ̀ sílẹ̀. Kò rọ̀. Itan mi dúró lókè gbagidi bíi pé wọ́n kàn án mọ́ afẹ́fẹ́. Ó fọwọ́ kan ibi tí itan ti pàdé ikùn, mo sì ké.

"Màmá, wákàtí mélòó lẹ máa ń jókòó lójúmọ́?"

"Mẹ́jọ. Nígbà míì mẹ́wàá."

"Ẹsẹ̀ òsì lẹ fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì?"

"Ṣé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ìwọ fi ń tẹ tìẹ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣan kan wà tó ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn wá, tó gba inú ìbàdí kọjá, tó wá so mọ́ òkè itan. Òun ló máa ń gbé ẹsẹ̀ wa nílẹ̀ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ gbé e. Ó ní àjókòópẹ́ ti jẹ́ kí tèmi kúrú, kílọ́ọ̀ṣì sì ti jẹ́ kó le. Mo ń retí pé kó mú bírò kó kọ oògùn. Dúrọ́ọ̀ ló ṣí, ó mú bọ́ọ̀lù rọ́bà kan jáde tí kò ju ọsàn lọ.

"Ẹ lọ ra irú èyí."

"Bọ́ọ̀lù?"

"Bọ́ọ̀lù ni, Màmá. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ lẹ máa dojú bolẹ̀ lé e lórí. Ọwọ́ ara yín lẹ máa fi tọ́jú ara yín."

Ilé iṣẹ́ wa ló ń sanwó fún un. Ó ti yé mi. Wọ́n ti ní kó fi mí ṣeré títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi máa pé, kí n wá ṣubú nínú ìdánwò, kí wọ́n lè ní àwọn ti gbìyànjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Mo ra bọ́ọ̀lù. Ẹni tó tà á fún mi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì kan ni òun ń tà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lónìí ó ti di búrẹ́dì kan àtààbọ̀. Mo bi í bóyá ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà aláwọ̀ ewé ti kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wò mí bíi pé orí mi ló yẹ kí n lọ tọ́jú.

Ohun tí Oníṣan ní kí n ṣe nìyí, mo kọ ọ́ kó lè jẹ́ ẹ̀rí. Kí n kọ́kọ́ fi aṣọ ìnura tí mo rì sínú omi gbígbóná lé ibẹ̀ kó lè rọ̀. Kí n wá ṣóńṣó egungun ìbàdí níwájú, kí n gbé bọ́ọ̀lù wọnú díẹ̀ sí i, kó lọ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí n sì rọra dojú bolẹ̀ lé e. Kó má bọ́ sórí egungun. Tí mo bá gbọ́ tí nǹkan ń lù kì, kì, kì lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, kí n tètè sún un kúrò. Tí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, kí n dìde. Kí n má ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ. Kí n máa mí, kí n ka ọgbọ̀n.

Mo ka mẹ́rin. Ariwo tí mo pa mú Tíṣà sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó rò pé ejò ni.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Mo ka méje. Kò sí ìyàtọ̀.

Ọjọ́rú, 11

Bọ́ọ̀lù sọnù. Abẹ́ àga ni mo fi í sí lánàá. Mo túlé, mi ò rí i. Tíṣà ní bóyá eku ló gbé e. Eku wo ló ń gbá bọ́ọ̀lù nínú ilé yìí? Lọ́sàn-án mo gun àga, ọpẹ́lọpẹ́ ògiri tí mo dì mú, mo sì rí i lórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, lẹ́yìn àwọn ìkòkò ńlá. Eku ò ga tó bẹ́ẹ̀. Tíṣà ga tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo lọ sí gáréèjì. Mo ní agbòjò mi ni mo wá mú. Mi ò gbàgbé agbòjò kankan.

Ọkọ̀ mi dúró síbẹ̀. Onírùngbọ̀n ti gbé tìmùtìmù lé orí ìjókòó mi, ó sì ti yí dígí padà sí ibi tí ojú tirẹ̀ lè ríran. Ẹni tó ń báni tọ́jú ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ń ra tìmùtìmù? Ó rí mi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú bó ṣe ń sọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìsinmi o. Ṣé ara ti ń le?" Ó ń fi ọwọ́ pa itan rẹ̀. Mo ní ara le, mo sì sọ pé n kò ní pẹ́ padà, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì kọjá. Ohun tí mo rí lójú fèrèsé nìyí: Adákẹ́ dúró níwájú Ọ̀gá, ó ń sọ̀rọ̀. Adákẹ́! Ó tilẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bíi pé òun ló wà nídìí sítíárì. Nígbà tí Ọ̀gá rí mi, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn méjèèjì kí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rìn délé. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16

Ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì. Mo ń ka mẹ́rìndínlógún báyìí kí n tó dìde. Oníṣan ní ó dára. Mi ò rí ohun tó dára níbẹ̀.

Ó wá bi mí, láìgbójú sókè: "Màmá, kí lẹ ń ṣe lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ di yín mú gan-an?"

Mo ní mo gun àpótí láti fi kọ́tìnnì kọ́ ni.

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí pẹ́. Ó ń wá ìdí ọ̀rọ̀ mi fún ẹnì kan.

Ó kọ́ mi ní òmíràn. Kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n ká orúnkún méjèèjì, kí n fi orí ìka mẹ́rin tẹ inú egungun ìbàdí lọ, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí mo bá ń mí síta. Kí n wá gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan. Ohun tó bá le gírígírí lábẹ́ ìka mi, òun gan-an ni. Kí n gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n má yọ ìka, kí n dúró dè é títí á fi rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bá a jà o. Tí ẹ bá bá a jà, á bá yín jà."

Mo rí i. Ó dà bí okùn tí ẹnì kan fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Àádọ́ta ọdún ó lé ọ̀kan ni mo ti wà nínú ara yìí, mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19

Òjò ò dá, Tíṣà ti jáde. Jẹ́ kí n kọ ọ́ kó kúrò lọ́rùn mi.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni. Èrò mẹ́tàlélógójì. A ti gun òkè náà tán, a ń sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Mo fẹ́ tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí n lè já jíà sílẹ̀, ẹsẹ̀ òsì mi ò gbéra. Mo ní kó gbéra, kò gbéra. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrora nìkan; ṣe ló dà bí ẹsẹ̀ ẹlòmíì tí wọ́n gbé kalẹ̀ síwájú mi. Bíréèkì ti ń rùn. Ọkọ̀ ń sáré sí i. Mo wá ṣe ohun tí dẹ́rẹ́bà kì í ṣe. Mo fi sítíárì sílẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé itan ara mi, mo gbé e lé orí kílọ́ọ̀ṣì bí ẹni gbé ẹrù lé orí káńtà.

Adákẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà na ọwọ́, ó di sítíárì mú. Ó dì í mú títí jíà fi wọlé. Tí èèyàn bá ń ka ení, èjì, kò ní kà kọjá ẹ̀rin. Kò sí èrò kan tó mọ̀. Mo rí ìyá kan nínú dígí, ó ń bó ọsàn fún ọmọ rẹ̀.

Èmi àti Adákẹ́ ò sọ ọ́ títí a fi dé gáréèjì. Ọ̀gá rí mi bí mo ṣe ń rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, ó bi mí, mo ní ẹsẹ̀ ń ro mí díẹ̀ ni.

Láti ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ ni mo ti ń kọ orúkọ gbogbo èèyàn sínú ìwé yìí. Orúkọ tèmi ló yẹ kó ṣáájú. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Mi ò ní ya ewé yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Mo ń fọ abọ́ lónìí, mo kàn ṣàdédé rí eruku létí òkè kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: mo nàró ni. Mi ò kígbe, kí Tíṣà má baà gbọ́. Mo ti ń ka ọgbọ̀n lórí bọ́ọ̀lù báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Mo tún ń kúnlẹ̀ lórí orúnkún òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún níwájú, mo ń ti ìbàdí síwájú díẹ̀díẹ̀ bí Oníṣan ṣe wí.

Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó dára lásán ni. Mi ò tíì gbà á gbọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 27

Bọ́ọ̀lù tún sọnù. Mi ò wá a. Mo lọ bá Tíṣà níbi tó ti ń ka ìwé ìròyìn.

"Tíṣà, níbo lẹ gbé bọ́ọ̀lù mi sí?"

"Bọ́ọ̀lù wo?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ mi níwèé lónìí. Ẹ gbé e wá."

Ó ká ìwé ìròyìn, ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò, ó mú un jáde. Inú àpò rẹ̀ ló wà! Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu fún ọkùnrin yìí, bí mo bá sọ ọ́ jáde, a ò bá ti pín ilé. Ṣùgbọ́n ó yára ju mí lọ.

"Lọ́jọ́ tí o délé yẹn," ó ní, "o ò lè bọ́ bàtà. O da tíì sílẹ̀, o ní ó gbóná jù. Tíì náà ti tutù. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró níwájú ọmọ iléèwé, mo mọ ojú ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mi ò mọ̀. Mi ò sì fẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀. Mo rò ó pé bí ẹsẹ̀ yẹn ò bá tètè san, wàá jókòó tì mí."

Mo ti ń rò pé ìlara owó oṣù mi ló ń ṣe é, tàbí pé ó fẹ́ ẹni tí yóò máa gbọ́únjẹ fún un lọ́sàn-án. Mo jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Mẹ́tàlélógójì." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ bojú.

Lẹ́yìn náà ó tẹ́ ẹní fúnra rẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́. "Dùbúlẹ̀. Màá bá ọ kà á." Ó sì ń kà á bí ẹni tó ń ka ọmọ kíláàsì kan. Nígbà tó dé ọgbọ̀n, ó ní, "O gbọ́dọ̀ sọ fún wọn."

Mo ní, "Kí wọ́n lè lé mi?"

"Kí wọ́n lè mọ̀."

Mo ká ẹní, mo jáde fún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹwàá

Tíṣà ti ń lo aago ọwọ́ rẹ̀ fún kíkà báyìí. Ó ní mò ń yára ka ogún sí ọgbọ̀n. Ó ń ṣọ́ mi. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé òótọ́ ló ń sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Adákẹ́ wá sílé wa. Ọdún mẹ́fà, kò wá rí. Ó gbé ọsàn mẹ́wàá wá, mo kà wọ́n. Ó jókòó sí etí àga. Ó mu omi tán kó tó la ẹnu.

"Màmá, lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n máa bi mí ní ìbéèrè kan. Ó wà nínú ìwé wọn."

"Kí lo máa sọ?"

"Mi ò rí nǹkan kan."

Mo wò ó. Kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi? Ẹni tó bá ti fi irú èyí ṣe ọ́ lóore, títí ayé lo ò lè bá a wí mọ́. Mo ní, "Lọ́jọ́sí, mo rí ìwọ àti Ọ̀gá lójú fèrèsé. Ẹsẹ̀ lò ń fi tẹ ilẹ̀."

"Kílọ́ọ̀ṣì ni, Màmá. Mo ní kí wọ́n tú u wò. Ó ti le jù. Ẹsẹ̀ Onírùngbọ̀n náà ti ń dùn ún, ojú ló ń tì í láti sọ." Ó dìde. Ó ti sọ̀rọ̀ oṣù mẹ́ta tán.

Nígbà tó lọ tán, mo rántí Onírùngbọ̀n bó ṣe di ilẹ̀kùn mú, tó ń pa itan. Mo rántí tìmùtìmù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n ti jọ sọ ọ́ pọ̀. Ọsàn náà dùn.

Ọjọ́bọ̀, 10

Ọsibítù, ìgbà ìkẹyìn. Oníṣan tún ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí n gbá orúnkún ọ̀tún mọ́ra. Itan òsì mi rọ̀ sílẹ̀, ó kan bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síwájú sí i, kò dùn mí. Inú rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, ó pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Mi ò gun àpótí kankan."

"Mo mọ̀, Màmá."

"Kí lo mọ̀?"

"Ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́, tó wá ní nídìí kọ́tìnnì ni ẹsẹ̀ ti di òun mú." Ó ń kọ ìwé mi lọ. "Mo ní kí n dúró títí ẹ ó fi sọ ọ́ fúnra yín ni. Mo kọ ọ́ síbí pé kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní wákàtí méjì méjì, kí ẹ rìn, kí ẹ na ìbàdí. Bí ẹ bá pa bọ́ọ̀lù tì, ó máa padà wá o."

Mo ka ìwé náà lójú ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Dókítà ni lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé, 14

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí, láìfi kún un.

Aago mẹ́sàn-án. Ọkọ̀ mi ni wọ́n fi dán mi wò. Mo gun àtẹ̀gùn rẹ̀ láìdi nǹkan mú, mo sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì ní àádọ́ta ìgbà, Ọ̀gá ń kà á. Ó le lóòótọ́. Láti ọjọ́ wo ló ti le tó báyìí tí mo ń rò pé ọjọ́ orí mi ni? Ẹsẹ̀ mi gbéra ní gbogbo àádọ́ta ìgbà náà. Lẹ́yìn náà mo wà á jáde, mo sì wà á wọlé. Ọ̀gá ní mo yege. Ó tún rẹ́rìn-ín.

Nínú ọ́fíìsì, ó mú ìwé kan. "Ó ku ìbéèrè kan, ó di dandan kí n bi yín. Láti bí ọdún kan, ǹjẹ́ ẹsẹ̀ yìí ti fa ewu kankan lójú ọ̀nà?" Kí n tó la ẹnu, ó yíjú sí Adákẹ́, torí òun ló máa fọwọ́ síwèé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. "Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ jọ máa ń wà nínú ọkọ̀."

"Rárá, sà," Adákẹ́ dáhùn, kíá. "Kò sí nǹkan kan."

Kò gbọ̀n, kò wolẹ̀. Ọkùnrin tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pè ní olófòófó. Ọ̀gá ti gbé bírò lé ìwé. Ohun tó kù fún mi ò ju kí n dákẹ́ bí Adákẹ́.

Mo ní, "Irọ́ ló ń pa, sà. Nítorí mi ló ṣe ń pa á."

Mo sọ ọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, bíréèkì tó ń rùn, sítíárì tí mo fi sílẹ̀, ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá, ojú rẹ̀ wá rí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́, ó ṣí ewé kejì.

Ó ní, "Kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí lẹ ń sọ ọ́? Ẹ ti yege."

"Torí mo ti yege ni, sà. Ká ní ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń dùn mí ni, mi ò jẹ́ lè sọ ọ́. Irọ́ ni màá máa pa lọ."

Ó ní kí n lọ sílé, wọ́n á ránṣẹ́ sí mi.

Adákẹ́ sìn mí dé ẹnu géètì. Mo rò pé inú á máa bí i. Ó ní, "Màmá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ irọ́ yẹn sórí o!" Ó bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, mo ní kó foríjì mí. Kò mọ ohun tí mò ń bẹ̀ ẹ́ fún, mi ò sì ṣàlàyé.

Ọjọ́rú, 16

Wọn ò tíì ránṣẹ́. Mo ṣe bọ́ọ̀lù ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Lẹ́tà dé. Wọn ò lé mi. Wọ́n kọ ìkìlọ̀ sínú fáìlì mi, ó sì tọ́. Fún oṣù mẹ́rin, ọ̀nà kúkúrú ni màá máa wà, èyí tí kì í ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ, màá sì máa lọ rí Oníṣan lóṣooṣù. Mẹkáníìkì ti tú kílọ́ọ̀ṣì, ó ní ó ti gbó, ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Wọn ò kọ ẹni tó jẹ̀bi ìyẹn sínú lẹ́tà. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń wá ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú rẹ̀. Tíṣà náà kà á, pẹ̀lú bírò pupa. Ó rí àṣìṣe àkọtọ́ méjì.

Ọjọ́ Ajé, 21

Oòrùn mú láti àárọ̀. Aago méje ààbọ̀ ni mo gba kọ́kọ́rọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun rọ̀ bí ìrọ̀rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹ̀ ẹ́ jù. Mo yí dígí padà sí bí ojú mi ṣe fẹ́ ẹ. Onírùngbọ̀n ti mú tìmùtìmù rẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé kó yà sílé wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kó mú ẹní dání, màá kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ó ní kí ni. Mo ní á rí i.

Èrò ń wọlé, Adákẹ́ ń ya tíkẹ́ẹ̀tì. Mo gbójú sókè sínú dígí láti kà wọ́n, mo sì rí Tíṣà. Ó wọ kóòtù, ó jókòó sórí ìjókòó tó wà lẹ́yìn mi gan-an, ó di tíkẹ́ẹ̀tì mú níwájú àyà bí ọmọ tó fẹ́ dáhùn ìbéèrè. Kò sọ fún mi nílé pé òun ń bọ̀.

Mo ní, "Tíṣà, níbo lẹ ń lọ?"

"Mo fẹ́ ra bírò."

"Bírò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa."

"Kì í ṣe irú èyí tí mo fẹ́."

Mo mọ̀ pé kò sí bírò kankan. Adákẹ́ ń wo òde, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, mo rí ọwọ́ Tíṣà nínú dígí, bó ṣe di irin ẹ̀yìn ìjókòó mi mú tí gbogbo ìka rẹ̀ funfun, ọkọ̀ ò sì tíì gbéra.

Mo gbé ẹsẹ̀ òsì. Ó gbéra. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo fi jíà sí i, mo sì rọra wà á jáde, rọra gan-an, kí bàbá yẹn lè tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.